Ṣé ká lọ sí Gisozi, ṣé ká mú ọmọ dání?

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé pé: “Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà. Ó ní kí èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun, láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin. Ó ní a ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láì dé Gisozi, ibi ìrántí àwọn tí wọ́n pa ní 1994. Ìyá ọkọ mi ti fárígá. Wọ́n ní ta ló ń ná owó bàálù lọ wo egungun òkú, pé ẹ̀mí òkú máa ń bá èèyàn wálé. Èmi alára ò mọ̀ bóyá kì í ṣe ìran la fẹ́ lọ wò. Ṣé ká lọ? Ṣé ká mú ọmọ dání? Mo sì gbọ́ pé ogun ẹ̀yà ni Hutu àti Tutsi jà. Ṣé ó burú tí mo bá bi awakọ̀ wa léèrè èwo lòun nínú méjèèjì?”

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè tó kẹ́yìn, torí òun ló lè tètè kó ìtìjú bá yín: ẹ má béèrè o. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan, ẹ má bi ẹnikẹ́ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dé Kigali, kí n tó di ẹni tó ń sin àwọn arìnrìn-àjò lọ síbẹ̀, èmi náà béèrè. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú ni, ọkùnrin tó ń wà wá sì ti ń pa wá lẹ́rìn-ín bọ̀. Ó nawọ́, ó pa rédíò, ó ní, “Ọmọ Rùwáńdà ni mí, sà.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi já ẹrù wa sílẹ̀ níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n pa gbogbo ará ilé rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló ṣẹ̀wọ̀n torí pé ó pa ará ilé ẹlòmíràn. Mi ò mọ̀, kò sì yẹ kí n máa wádìí rẹ̀. Lẹ́yìn 1994, wọ́n yọ ẹ̀yà kúrò lára káàdì ìdánimọ̀ wọn pátápátá, ẹ sì máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ogun ẹ̀yà tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ wa lójú. Tá a bá ti gbọ́ Hutu àti Tutsi, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ìlú méjì tí èdè wọn yàtọ̀, tí ààlà wà láàárín wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kinyarwanda ni gbogbo wọn ń sọ. Orí òkè kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń fẹ́ra wọn, orúkọ ìran kan náà sì lè wà lára Hutu kó tún wà lára Tutsi. Láyé àtijọ́, màlúù àti ipò lọ́dọ̀ ọba ló sábà máa ń pààlà sí i: ọlọ́sìn màlúù tó sún mọ́ ààfin ni wọ́n ń pè ní Tutsi, àgbẹ̀ ni Hutu, ẹni tí ọlá bá sì kàn lè bọ́ láti ìhà kan sí ìkejì. Àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀m tó ń ṣàkóso wọn ló wá kọ ọ́ sínú káàdì láàárín àwọn ọdún 1930, tí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, irú káàdì yẹn náà ni wọ́n ń gbà wò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi igi dí, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa pa.

Ogun wà lóòótọ́, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Láti 1959 ni wọ́n ti ń lé àwọn Tutsi kúrò nílùú, ọmọ àwọn ìsáǹsá wọ̀nyẹn ló sì pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ RPF tó gbé ogun wọlé láti Uganda ní 1990. Àwọn àti ìjọba jà títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Arusha, ní Tàǹsáníà, ní oṣù kẹjọ 1993. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé yẹn ń gbẹ, àwọn Hutu kan ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n máa pa sílẹ̀, wọ́n ń kó àdá jọ, ilé iṣẹ́ rédíò kan tí wọ́n ń pè ní RTLM sì ń pe Tutsi ní aáyán látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1994, wọ́n yìnbọn lu bàálù tó gbé Habyarimana, ààrẹ Rùwáńdà, àti ààrẹ Bùrúndì. Ta ló yìn ín? Àríyànjiyàn ò tíì tán lórí rẹ̀ títí dòní. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìpakúpa ti bẹ̀rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ló sì gbà. Kì í ṣe ọmọ ogun méjì ló kọjú síra. Ẹni tó ń bá èèyàn pọn omi, olùkọ́ ọmọ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, àwọn ló yọ àdá sí i. Àwọn Hutu tó kọ̀ láti bá wọn ṣe é náà ò là á já: Agathe Uwilingiyimana, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, Hutu ni, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pa ní ọjọ́ 7. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àwọn tó kú lé ní 800,000; ìjọba Rùwáńdà ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Ìdí nìyí tí orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ fi jẹ́ ìpẹ̀yàrun tí wọ́n ṣe sí àwọn Tutsi, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kí ẹ̀yà náà pa rẹ́, àgbà àti ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá sẹ́ ẹ tàbí tó bu ọ̀ràn náà kù, òfin ilẹ̀ wọn lè mú un. Nítorí náà, ẹ fi “ogun ẹ̀yà” sílẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Ohun kan tún wà tó kàn wá ju bá a ṣe rò lọ. Ní ọdún yẹn, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jókòó sínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, ló ń ṣojú wa. Ó wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n fi kún àwọn ọmọ ogun afúnnilálàáfíà tó wà níbẹ̀ lábẹ́ Roméo Dallaire, ọ̀gágun ará Kánádà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin pé kí wọ́n dín àwọn ọmọ ogun náà kù sí bíi 270, gbogbo wọn ló na ọwọ́ sókè, títí kan àwa náà. Ìjọba Rùwáńdà tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yẹn náà ní àga nínú yàrá ọ̀hún, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ọjọ́ 21 yẹn gan-an ni wọ́n ya wọ ilé ìwé ní Murambi, ní gúúsù ilẹ̀ náà, tí wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó sá pamọ́ síbẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tí mo bá mú lọ, kí wọ́n má bàa wọlé bí ẹni tó wá wo ọ̀ràn tí kò kàn án.

Ó kan ìyá ọkọ yín báyìí. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn tó là á já ní Rùwáńdà fúnra wọn, àwọn kan wà tí inú wọn ò dùn pé wọ́n kó egungun síta, torí lọ́dọ̀ tiwọn náà, ilẹ̀ ni wọ́n ń fi bo òkú. Àwọn mìíràn ní kò sí bá a ṣe lè gbé e pamọ́ nígbà tí àwọn tó ń sọ pé irọ́ ni ṣì wà láyé; egungun lẹ́rìí. Mi ò lè bá yín dá ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá ń rò nípa Gisozi yàtọ̀ sí bó ṣe rí. Ibojì ni Gisozi jẹ́ kó tó jẹ́ ohunkóhun. Àwọn tó lé ní 250,000 ni wọ́n sin sórí òkè yẹn, lábẹ́ àwọn pẹpẹ kọnkéré gbọọrọ, wọ́n sì ṣí ibẹ̀ ní 2004, ọdún kẹwàá tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Egungun wà nínú ilé lóòótọ́, nínú àpótí gíláàsì, nínú yàrá kan tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ wọ yàrá náà lè kọjá lọ. Tẹ́ ẹ bá dúró níta fún wákàtí kan, ẹ máa rí obìnrin kan tó gbé òdòdó wá, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí pẹpẹ kan, tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó wá kí àwọn èèyàn rẹ̀ ni.

Ohun tí mo rí sọ sí ẹ̀rù ìran wíwò nìyẹn. Tá a bá lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀, ṣé òkú la lọ wò ni? Ẹni tó kù la lọ kí. A ti mọ bí a ṣe ń ṣe é: a kì í dé ẹnu ọ̀nà ká bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bó ṣe kú, a kì í wò yíká bí ẹni tó fẹ́ ra ilé, a ó jókòó, a ó sọ pé “ẹ kú ará fẹ́ra kù,” a ó sì dákẹ́ kí olóhun tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi ìrántí yìí ló là á já fúnra wọn. Wọ́n máa sọ ìtàn fún yín, ẹ lè béèrè nípa káàdì, nípa rédíò, nípa gacaca, ìyẹn ìgbẹ́jọ́ abẹ́ igi tí wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ tó tó mílíọ̀nù méjì kí wọ́n tó pa á tì ní 2012. Ẹ béèrè bí ẹni tó pààyàn àti ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ ṣe ń gbé àdúgbò kan náà báyìí, ìbéèrè yẹn máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ ò ní béèrè ni “kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìdílé tìrẹ?” Tó bá wù ú, ó máa sọ. Tó bá sì sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi “ní ilẹ̀ tiwa náà…” dáhùn. Àwa ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn èyí púpọ̀, mo ti rí ojú tó pa dé nítorí rẹ̀. “Mwihangane” ni wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀ ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ ìfaradà ni. Ó tó.

Nípa pé ẹ̀mí òkú máa ń bá èèyàn wálé, mi ò ní lanu sọ ohun tí mi ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé oorun kì í tètè kun èèyàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ má ṣètò àtilọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ bàálù padà, ẹ má sì fi sáàárín ọjà àti òde àríyá. Wákàtí mẹ́ta ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún ilé náà, mi ò sì ń ṣètò nǹkan mìíràn fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló le jù. Nínú ilé náà, lẹ́yìn ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti yàrá tí wọ́n fi fọ́tò àwọn olóògbé kọ́ sí, tí àwọn ẹbí fúnra wọn kó wá, àyè kan wà fún àwọn ọmọdé tí wọ́n pa. Fọ́tò ńlá ni, ọmọ kan sí fọ́tò kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sí, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ohun ìṣeré rẹ̀, ẹni tó ń bá ṣọ̀rẹ́, àti lẹ́yìn náà, ní ìlà kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe pa á. Mo mú ọkùnrin kan lọ síbẹ̀ nígbà kan, oníṣòwò ńlá tó fi àwàdà pa wá lẹ́rìn-ín láti òtẹ́ẹ̀lì. Ìdí fọ́tò àkọ́kọ́ ló dúró sí, ó ṣí fìlà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí a fi yípo yàrá náà tán. Àgbà nìyẹn. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, mo ti ṣe àṣìṣe tí mi ò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi: àwọn òbí kan ní dandan kí ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bá wa wọlé, mo sì gbà. Ọmọ yẹn ka àkọlé méjì tàbí mẹ́ta, ó fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, tí wọ́n bá wá bá wa, ta ló máa gbé wa pamọ́?” Ìyá rẹ̀ ò rí èsì fọ̀. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó lé ní oṣù méjì tí ọmọ náà fi ń sùn sáàárín wọn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ọmọ ọdún 11 ni pé kó lọ sí Gisozi, kó má wọ yàrá egungun, kó má sì wọ yàrá àwọn ọmọdé. Kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọgbà nígbà tí ìkejì bá wà nínú, kẹ́ ẹ wá gbapò ara yín. Ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó gbéra, ní èdè tó yé e, pé àwọn kan kórìíra aládùúgbò wọn, pé wọ́n fi rédíò kọ́ àwọn èèyàn ní ìkórìíra náà, pé wọ́n pa àwọn tí kò ṣẹ̀ wọ́n, pé ó ti tán, pé àwọn tó kù ń tún ilé kọ́. Ẹ má purọ́ fún un pé ọgbà òdòdó lásán ni. Mi ò kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ o, ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Tó bá jẹ́ irú ọmọ tí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ń lé oorun lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró sílé lọ́dọ̀ àbúrò yín, kò ní pàdánù ohun tí kò ní lè padà wá wò tó bá dàgbà.

Àbúrò yín tún lè fẹ́ mú yín lọ sí Nyamata, torí kò jìnnà sí Kigali, ó sì wà lára ibi ìrántí mẹ́rin tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2023, pẹ̀lú Gisozi, Murambi àti Bisesero. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni tẹ́lẹ̀. Aṣọ àwọn tí wọ́n pa ni wọ́n kó jọ sórí àwọn bẹ́ńṣì, òkìtì lórí òkìtì, eruku ti sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan. Òrùlé lu káàkiri, oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé ní kéékèèké. Àwọn àlejò máa ń béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi sá wọ ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò pọ̀. Ní 1992, nígbà tí wọ́n pa àwọn Tutsi ní Bugesera, agbègbè tí Nyamata wà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn sá wọ̀, àwọn apààyàn ò sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Ibi tó gbà wọ́n là lọ́jọ́sí ni wọ́n tún sá padà sí. Ẹ̀yin àti ọkọ yín lè lọ. Ọmọ yín, rárá. Ní tèmi, ẹni tó bá ti lọ sí Gisozi kò pọn dandan kó lọ sí Nyamata lọ́jọ́ kan náà. Mo ti rí àwọn tó sáré dé ibi mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan, tó fi di ọ̀sán, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ wo àkókò tẹ́ ẹ yàn dáadáa. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ni Kwibuka, ìrántí náà, máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tan iná ìrántí ní Gisozi. Láti ọjọ́ yẹn di ọjọ́ 13 ni ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ilé ijó, orin inú ọkọ̀ pàápàá á yí padà. Àwọn tó là á já máa ń ṣubú lulẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń lé lọ́wọ́lọ́wọ́. Ihahamuka ni wọ́n ń pe ìyẹn, bí ẹni tí èémí ò tó. Àwọn olùtọ́jú á gbé wọn lọ síbi tó dákẹ́, ẹ má dúró wò, ẹ má gbé fóònù sókè. Tó bá jẹ́ èmi ni yín, ìparí oṣù kẹta ni màá lọ sí Gisozi, kí ọmọ má bàa bá ọ̀sẹ̀ yẹn pàdé níbẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ bá sì bá yín ní Kigali, ẹ rọra wà nílé àbúrò yín, kẹ́ ẹ má fi fọ́tò ijó sórí Facebook. Ẹ kíyè sí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta: àárọ̀ umuganda ni, gbogbo ìlú ló ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó àdúgbò, ọkọ̀ kì í rìn fàlàlà, ẹ má fi àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣètò ohunkóhun.

Wọn kì í gba owó ìwọlé ní Gisozi. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí láti gbọ́ àlàyé ni wọ́n ń gbowó rẹ̀, ó sì yẹ ní sísan, torí àkọlé ara ògiri pọ̀, ẹsẹ̀ á sì máa ro yín. Ẹ wọ aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ kí ọlọ́fọ̀. Ẹ bi òṣìṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò níbikíbi, nínú ilé ẹ má tiẹ̀ yọ fóònù. Ẹ má gun orí pẹpẹ ibojì, bó ti wù kí ó dà bí ilẹ̀ lásán tó, ẹ sọ èyí fún ọmọ yín ṣáájú, torí ọmọdé á fẹ́ sáré gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ ra òdòdó dání. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibi àwọn pẹpẹ náà, níta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti orí àwọn òkè tó kù, ẹ gbé òdòdó náà lé ọmọ yín lọ́wọ́, kó fúnra rẹ̀ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró tì í bó bá ṣe fẹ́ kó pẹ́ tó.